Ogójì àti Ogóje: Ìtàn Igun Mímú ní Ọ̀dọ̀ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi lónìí ti dàgbà púpọ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ mìíràn ti sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, a kò wo ilé kankan. Orúkọ àjèjì tí ó bá wá náà ni a ń pè é, pàṣán ni a sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní orúkọ ọ̀hún. Igun ni mo ń wí. Kì í ṣe igún, ẹyẹ tí í jẹ ẹbọ; igun ni, irú èyí tí ó máa ń wà níbi tí ògiri méjì bá ti pàdé. Nínú gbogbo igun, èyí tí ó mú ṣóńṣó ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ Íjíbítì títí dé Olúpọ̀nnà, nítorí pé òun ni ó gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan.

Ìlú Olúpọ̀nnà ni mo ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ìwó dáadáa yóò mọ̀ pé Olúpọ̀nnà kò jìnnà sí i. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó wà láti ọdún 1991 tí wọ́n ti yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Ilé-Ogbó, ni ó sì wà. Ìlú àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ní ilé-ìwé tiwa nígbà náà, ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn, ẹni tí kò bá sì ní owó yóò fi ẹ̀yìn san án.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a wà ní kíláàsì karùn-ún. Olùkọ́ wa fa ìlà méjì sójú pátákó. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Èkejì gbé orí sókè díẹ̀ lára rẹ̀, bí ẹni tí ilẹ̀ ti mọ́ bá ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ́ kúrò lórí ẹní. Olùkọ́ ní kí a pe orúkọ igun náà, gbogbo wa sì pè é ní èdè Òyìnbó. Ó ní kí a sọ ohun tí ó jẹ́, a sì kà á bí ẹni ń kọrin, ní èdè Òyìnbó kan náà, pé igun tí kò tó àádọ́rùn-ún dígírì ni. Ohùn wa mi kíláàsì. Lẹ́yìn èyí ni ó pe ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, pé kí ó wá wọn igun náà kí gbogbo wa rí i.

Òṣùwọ̀n igun, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní protractor, rí bí òṣùpá tí a là sí méjì. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì ni ó wà lára rẹ̀. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, láti òdo títí dé ọgọ́sàn-án. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti òsì bọ̀ wá sí ọ̀tún. Níbi tí ọ̀kan bá ti ń ka ogójì, èkejì ń ka ogóje ní ojú kan náà. Ọ̀rẹ́ mi gbé òṣùwọ̀n náà lé ojú igun gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ó to etí rẹ̀ mọ́ ìlà tí ó dùbúlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó wo nọ́ńbà tí ó wà lókè, ó sì kà á jáde pé 140. Olùkọ́ ní kí ó tún un wò. Ó tún un wò, 140 náà ni ó rí, nítorí pé lóòótọ́ ni 140 wà níbẹ̀. Ẹgba mẹ́fà ni wọ́n nà án.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé kò sí ẹnìkan nínú wa, títí kan èmi alára, tí ó rántí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara wa sọ pé igun náà kò tó àádọ́rùn-ún. Bí kò bá tó àádọ́rùn-ún, báwo ni yóò ti ṣe jẹ́ ogóje? Orin wà lẹ́nu wa, igun wà níwájú wa, ṣùgbọ́n kò sí afárá láàárín àwọn méjèèjì. Kí sáà yẹn tó parí, ọ̀rẹ́ mi ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó ní orí òun kò gba ìṣirò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Káfíńtà, ni ó lọ kọ́ṣẹ́.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí igun jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọdé rò pé gígùn ìlà ni igun, pé bí ìlà méjì bá gùn, igun wọn tóbi nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àlùmọ́gàjí àwọn aránṣọ. Bí a bá la ẹnu rẹ̀ díẹ̀, igun kékeré ni. Bí a bá là á sí i, igun náà ń tóbi sí i. Àlùmọ́gàjí ńlá àti àlùmọ́gàjí kékeré lè la ẹnu bákan náà: igun wọn dọ́gba, bí apá wọn kò tilẹ̀ dọ́gba. Bí ẹnu ti là tó ni igun, kì í ṣe bí apá ti gùn tó.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ irú igun tí ó wà níwájú rẹ̀ kò nílò òṣùwọ̀n kankan lákọ̀ọ́kọ́. Kí ó mú ìwé pélébé kan, bí etí rẹ̀ tilẹ̀ rí wúruwùru. Kí ó ká a lẹ́ẹ̀kan kí ojú ìká náà gún. Kí ó tún un ká lẹ́ẹ̀kejì kí ojú ìká àkọ́kọ́ gùn lé ara rẹ̀ régé. Igun tí ó jáde yẹn ni mo pè ní igun agúnrégé, àádọ́rùn-ún dígírì ni. Kí ó wá gbé e lé igun tí ó fẹ́ mọ̀, kí ó to ojú kan mọ́ ìlà kan. Bí ìlà kejì bá wọ abẹ́ ìwé lọ, igun mímú ni. Bí ó bá bá etí ìwé lọ ní dọ́gbadọ́gba, igun agúnrégé ni. Bí ó bá yọ síta, igun fífẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí nìkan ni kí ó tó gbé òṣùwọ̀n. Bí ojú bá ti sọ fún un pé igun náà mú, ọ̀wọ́ nọ́ńbà tí ó bá fún un ní ohun tí ó ju àádọ́rùn-ún lọ kọ́ ni kí ó kà, èkejì ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìbá ṣe pé ẹnìkan sọ gbólóhùn kan yìí fún ọ̀rẹ́ mi ní èdè tí ó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, n kì bá tí máa kọ àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti wá. Àwọn tí a kọ́kọ́ ní ìwé wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lo dígírì rárá. Ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú Sànmánì Kristi, akọ̀wé kan ní Íjíbítì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ahmes da ìwé ìṣirò kan kọ láti inú èyí tí ó ti gbó. Ìwé náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Nínú rẹ̀ ni a ti rí bí wọ́n ṣe ń mọ bí ẹ̀gbẹ́ pírámíìdì ti dagun tó. Wọn a béèrè pé: bí a bá gòkè ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ìbú àtẹ́lẹwọ́ mélòó ni ẹ̀gbẹ́ náà yóò fi wọ inú? Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méje ni ó ń jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kan. Seked ni wọ́n ń pe ìwọ̀n yìí. Ti pírámíìdì ńlá tí Ọba Khufu kọ́ sí Giza jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́ márùn-ún àbọ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n òde òní wọ̀n ọ́, igun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 52. Igun mímú ni. Ilẹ̀ Áfíríkà yìí náà ni wọ́n sì ti ṣe é.

Dígírì ní tirẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Bábílónì wá. Ọgọ́ta ni wọ́n fi ń ka nǹkan, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń fi ogún kà. Àwọn Gíríìkì tí ń ṣọ́ ìràwọ̀, Hipparchus láàárín wọn, ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú Sànmánì Kristi, gba ìkà yìí, wọ́n sì pín àyíká kan sí ọ̀nà 360. Ọgọ́ta kan náà yìí ni ó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú ọgọ́ta ni ó wà nínú wákàtí kan lára agogo ọwọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ igun mímú lórúkọ nínú ìwé tí gbogbo ayé kà ni Euclid, tí ó kọ́ni ní Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú Sànmánì Kristi. Ìwé rẹ̀ jẹ́ apá 13. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní ni ó ti sọ ohun tí igun agúnrégé jẹ́: bí ìlà kan bá dúró lórí ìlà mìíràn, tí igun méjì tí ó wà lápá ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni igun agúnrégé. Lẹ́yìn náà ni ó ní igun mímú ni èyí tí ó kéré sí igun agúnrégé. Ó tán. Kò sí dígírì kan ṣoṣo nínú gbogbo apá 13 náà. Euclid kò wọn igun. Ó fi ojú inú wò wọ́n, ó sì fi ọ̀kan wé èkejì. Ohun tí mo fi ìwé kíká ṣe lókè yìí kò yàtọ̀ sí ọgbọ́n rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ní ayé al-Ma'mun ní Bagdad, àwọn ọ̀mọ̀wé ti túmọ̀ ìwé Euclid sí Lárúbáwá. Ní nǹkan bí ọdún 1120, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Adelard ti Bath, túmọ̀ rẹ̀ láti Lárúbáwá sí Látìnì, báyìí ni ó sì ṣe dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n gbé e wá bá wa. Ẹ kíyè sí ohun kan o. Orúkọ tí Euclid fún igun náà ní èdè Gíríìkì túmọ̀ sí ohun tí ó mú. Èyí tí àwọn Lárúbáwá fún un túmọ̀ sí ohun tí ó mú. Ti Látìnì, níbi tí Òyìnbó ti mú tirẹ̀, bákan náà ni. Gbogbo wọn ni ó wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ọ̀bẹ, wọ́n wo ṣóńṣó ọ̀kọ̀, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ tí ìyá ń lò nínú ilé ìdáná. Ọmọ Gíríìkì tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ ààbọ̀ ohun tí ó jẹ́ kí olùkọ́ tó fa ìlà. Àwa nìkan ni orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wa láìní ìtumọ̀. Nítorí èyí ni mo fi ń pè é ní igun mímú, tí n kò wá orúkọ mìíràn lọ.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, ǹjẹ́ àwọn bàbá wa mọ igun mímú kí ìwé tó dé? N kò ní purọ́ fún yín pé wọ́n ní dígírì. Wọn kò ní in, Euclid náà kò sì lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo òrùlé. Nígbà tí ó jẹ́ pé koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbòdògì ni a fi ń bo ilé, dandan ni kí òrùlé dagun gan-an, nítorí pé bí òjò bá pẹ́ lórí koríko, yóò wọlé, koríko yóò sì rà. Ilé koríko tí ẹ̀gbẹ́ òrùlé rẹ̀ bá ga tó dígírì 50 lápá méjèèjì, igun tí ó wà ní téńté orí rẹ̀ yóò jẹ́ 80: igun mímú ni. Nígbà tí páànù dé, omi ń ṣàn lórí irin wéré, àwọn káfíńtà sì rí i pé kò pọn dandan kí òrùlé ga tó ti àtijọ́ mọ́. Bí wọ́n bá dín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kù sí dígírì 20, téńté orí ilé yóò di 140. Báyìí ni orí ilé wa ṣe kúrò ní igun mímú tí ó di igun fífẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá rìn láàárín ilé àtijọ́ àti ilé tuntun ní ìlú wa ti ka ìtàn ìṣirò igun láìmọ̀.

Bàbá Káfíńtà kò kàwé púpọ̀. Nígbà tí mo bá lọ kí i lẹ́yìn ilé-ìwé, mo máa ń rí bí ó ti ń ṣe é. Yóò ní, "Bí mo bá lọ ẹsẹ̀ bàtà méjì síwájú, kí n gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan." Ó parí. Igun tí ó ń wí jẹ́ nǹkan bí dígírì 27, ṣùgbọ́n kò béèrè dígírì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo ka ìtàn Ahmes ni mo tó mọ̀ pé ohun tí Bàbá ń ṣe ni àwọn ará Íjíbítì ń ṣe. Bí ó bá sì fẹ́ kí igun ilé gún régé, òun àti àwọn bíríkìlà a na okùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní apá kan, mẹ́rin ní apá kejì, wọn a sì rí i pé márùn-ún ni ó so orí méjèèjì pọ̀. Nínú onígun mẹ́ta yìí, igun kan gún régé, méjì yòókù sì mú: ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́tàdínlógójì, èkejì lé díẹ̀ ní mẹ́tàléláàádọ́ta. Ohun tí ọ̀kan fi dín ni èkejì fi lé. Kò sí onígun mẹ́ta kan láyé yìí tí kò ní igun mímú méjì, ó kéré tán.

Ní ti ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, igun ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lábẹ́ Thomas Babington Macaulay. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìṣirò igun ti wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú Gíríìkì àti Látìnì. Fún ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá 800,000 ní ọdún náà. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ káfíńtà wọlé. Ohun ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí, èdè kò ṣí: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Yorùbá ṣì ń ràn án lọ́wọ́, èdè Òyìnbó ni a fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọdún tí a sì ń kọ́ igun gan-an ni ọdún tí Yorùbá ti lọ.

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbìyànjú láti mọ bóyá ó di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú. Èdè Òyìnbó wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí a kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1978, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ni ó ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò àti nínú ẹ̀kọ́ yòókù, títí kan èdè Òyìnbó fúnra rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977 ti ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà fagi lé e, wọ́n ní èdè Òyìnbó ni kí a máa lò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pé àwọn ibi tí a ti ń lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi kò fìdí rẹmi nítorí pé Yorùbá ni a fi kọ́ ọ. A kò fi Yorùbá kọ́ ọ. N kò sì sọ pé kí a pa èdè Òyìnbó tì; òun ni mo fi ka ohun tí mo kà nípa Euclid. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ nǹkan, kí ó tó mọ orúkọ nǹkan náà ní èdè kejì.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo lọ sí Olúpọ̀nnà lọ kí àwọn ẹbí. Mo bá ọ̀rẹ́ mi lórí òrùlé ilé kan tí ó ń kọ́. Ó ti di ọ̀gá káfíńtà; ọmọṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń bá a mú igi. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, a jókòó sábẹ́ igi, ọ̀rọ̀ sì kan ilé-ìwé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà rántí ẹgba mẹ́fà yẹn? Mo ti sọ fún ẹ pé orí mi kò gba ìṣirò."

Mo mú ẹ̀ẹ́rún igi, mo fa ìlà gbọọrọ kan sórí ilẹ̀. Mo sọ fún un pé ọgọ́sàn-án ni gbogbo ìlà yìí lórí òṣùwọ̀n igun. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ogún mẹ́sàn-án." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fa ìlà kejì láti àárín rẹ̀, kí ó gbé orí díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ti fà á. Mo ní ogójì ni apá yìí. Ó ní, "Ogún méjì." Kò dúró kí n béèrè ìyókù. Ó fi ìka sí apá kejì, ó ní, "Ogún méje ni èyí nígbà náà. Ogóje."

Ojú ti èmi alára. Mo ti ka òǹkà Yorùbá láti kékeré. Mo mọ̀ pé Adolphus Mann, míṣọ́nárì ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, kọ nípa rẹ̀ ní 1887, pé ó rí i bí a ti ń fi márùn-ún márùn-ún ka owó ẹyọ títí tí yóò fi di ogún. Ṣùgbọ́n kò tíì yé mi pé òṣùwọ̀n igun ni òǹkà wa bá mu tó báyìí. Ẹ wò ó. Ogún àti ọgọ́jọ, 20 àti 160: ogún kan àti ogún mẹ́jọ. Ogójì àti ogóje: méjì àti méje. Ọgọ́ta àti ọgọ́fà, 60 àti 120: mẹ́ta àti mẹ́fà. Ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún: mẹ́rin àti márùn-ún. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àwọn tí a ń fi ẹ̀wá dín nínú wọn ńkọ́? Àádọ́ta àti àádóje, 50 àti 130: mẹ́ta àti méje, ẹ̀wá ni. Àádọ́rin àti àádọ́fà, 70 àti 110: mẹ́rin àti mẹ́fà, ẹ̀wá ni. Àádọ́rùn-ún nìkan ni kò ní ẹnìkejì, nítorí márùn-ún àti márùn-ún ni. Ara rẹ̀ ni ó bá pàdé, òun sì ni igun agúnrégé. Nọ́ńbà méjì tí ó jókòó lé ara wọn lára òṣùwọ̀n, tí ó kó ọ̀rẹ́ mi sí ìyọnu, orúkọ wọn ní èdè rẹ̀ ti ń ṣàlàyé wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Ṣùgbọ́n ìtanràn wà lórí orúkọ náà nínú kíláàsì wa.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo ilẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè wo òrùlé tí ó ń kàn, níbi tí igi méjì ti pàdé ní téńté, tí ó gé wọn tí abẹ kò lè wọ àárín wọn. Ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n nà mí fún nìyí?"

Mo ní òun ni.

Kò wí nǹkan kan mọ́. Ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ tí ó kéré jù, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ, ó ní kí ó wá jókòó. Ó gba ẹ̀ẹ́rún igi lọ́wọ́ mi, ó pa ohun tí mo fà rẹ́, ó sì fa tirẹ̀. Ó ní, "Wo ibí dáadáa. Kí o tó wọ̀n ọ́, sọ fún mi, ṣé ó mú, àbí ó fẹ̀?"